Ràmọ́nì Má-Sọ̀ àti Òkè Sọ̀kalẹ̀

Òkè kan wà lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ sí Ṣakí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ ní Òkè Sọ̀kalẹ̀. Orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ méjì: bí o bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá sì fi ọwọ́ tì í. Ìsàlẹ̀ òkè náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹni tó jẹun yó láàárọ̀ lè rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti yí àpáta ńlá kan ká tán, tó kan igi èmì kan tó dá dúró, ilẹ̀ á gbéra, á kọjú sí ọ̀run. Oníṣòwò tó fi kẹ̀kẹ́ ru èlùbọ́, tíṣà tó ń lọ gba owó oṣù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí okùn, gbogbo wọn ní í sọ̀ nídìí igi èmì yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sọ̀. Ràmọ́nì ni, àgbẹ̀ alátábà ará Àgọ́-Àrẹ, ọkọ Àrínọlá. Kì í sì í ṣe pé ó ń dá gùn ún o. Ìyàwó rẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí kárià, ẹrù á wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó, síbẹ̀ Ràmọ́nì á gun òkè náà dé òpin láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Má-Sọ̀, láti Ìràwọ̀ títí dé Òtu.

Ó kúkú máa ń dá lọ sí Ṣakí nígbà mìíràn, ó sì máa ń sọ̀ bíi ti gbogbo ayé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Bí Àrínọlá ò bá sí lẹ́yìn," ni ó máa ń wí, "kẹ̀kẹ́ máa ń fúyẹ́ jù. Táyà kì í di ilẹ̀ mú. Ẹ má wulẹ̀ bi mí, ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni."

Àwọn tó ń gbọ́ ọ á mi orí, nítorí Ràmọ́nì mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Àrínọlá ló mọ ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó wọn ló bẹ̀rẹ̀. Ràmọ́nì ń gbé e lọ kí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn ni, ó ń kọ mọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi èmì, ọkọ ìyàwó dìde dúró lórí pẹ́dà, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé rẹ̀ ki ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò lọ, kò sì bọ̀. Àrínọlá rí i pé díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì máa fẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ́ bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di etí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú bó ṣe ń dì í mú bọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti kárià. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un. Ó tì í, ó tì í, títí ilẹ̀ fi fẹ́ tẹ́jú, ó wá tún fò jókòó. Ràmọ́nì rò pé kòtò ni kẹ̀kẹ́ já sí.

Lórí òkè ni ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Òógùn bo ojú rẹ̀, gbogbo eyín rẹ̀ sì wà níta.

"Àrínọlá! Ṣé o rí i? Bí mo ṣe dé ìdí igi yẹn ni nǹkan kan gbé mi!"

Àrínọlá ti la ẹnu láti sọ nǹkan tó gbé e fún un. Ṣùgbọ́n ó wo ojú yẹn. Ọkùnrin kò ì tí ì fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò ó rí.

"Mo rí i," ni ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó rò pé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ó di ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó tì í lẹ́ẹ̀rùn, ó tì í lójò. Ó tì í pẹ̀lú oyún, ó tì í pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá pàdé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, á fi ìka lé ètè rẹ̀, onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín sínú, á sì kọjá. Ní ti Ràmọ́nì, orí ló tẹ̀ ba, oríkì ló ń kì, kò rí ẹnì kankan.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún ni Fàtímọ̀, àkọ́bí wọn tó wà nílé ọkọ ní Ṣakí, bí ọmọ tirẹ̀. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́! Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Ràmọ́nì nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó tún un nù lálẹ́. Ó ta òróró sí ṣéènì títí òróró fi ń kán sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìyẹn, Àrínọlá ti yọ̀ ṣubú létí odò níbi tó ti ń fọ aṣọ. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú. Ó ń fi òrí ra á, ó ń fi aṣọ dì í, ó ń tiro kiri ilé. Bí ó bá ti wo orúnkún yìí, tó wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń nù, ọkàn rẹ̀ á já.

"Bàbá Fàtímọ̀," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká bá bọ̀lẹ̀kájà ọjọ́ ọjà lọ. Orúnkún mi yìí..."

"Ṣé orúnkún lo fi ń jókòó lórí kárià ni?" Ràmọ́nì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi Má-Sọ̀, kí n wá máa sọ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà bí àpò gààrí lójú àwọn àna wa? Kí ọmọ-ọmọ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kẹjọ tó dáyé? Fọkàn balẹ̀, Àrínọlá. Ìwọ ṣáà jókòó. Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́."

Kí ni obìnrin ó tún wí sí ìyẹn?

Ìdájí ọjọ́ keje ni wọ́n gbéra, kí wọ́n lè sinmi mọ́jú ìsọmọlórúkọ. Ràmọ́nì so àkùkọ funfun ńlá kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Àrínọlá gbé aṣọ òfì tí ó rà ní Ìsẹ́yìn fún ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní àná ìyẹn. Koríko tutù yọ̀yọ̀, ilẹ̀ pupa ń rùn dáadáa, àwọn ọmọdé ń ṣa èso èmì lábẹ́ igi. Ràmọ́nì ń lu agogo kẹ̀kẹ́ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Òfin tuntun náà kò tíì mọ́ ọn lára, ó ń ya sápá òsì ṣáá, lọ́rì kan sì fun fèrè mọ́ ọn bí ẹni pé yóò ya etí rẹ̀.

"Má-Sọ̀ ń lọ o!" làwọn ará oko ń kígbe.

"Má-Sọ̀ ń lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀!" ni òun náà ń dá wọn lóhùn.

Inú Àrínọlá ń dùn, nítorí kò sí ẹni tó lè jókòó sẹ́yìn ọkùnrin yẹn ní àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kí inú rẹ̀ má dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún ni orúnkún ń rán an létí. Nígbà tí òkè yọ níwájú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ nísàlẹ̀ yìí."

"Ká sinmi kẹ̀? Òkè kì í dúró de ẹni tó ń sinmi."

Wọ́n yí àpáta ká. Wọ́n kan igi èmì. Ràmọ́nì dìde lórí pẹ́dà, ó tẹrí ba, ó mú oríkì. Àrínọlá yọ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó fẹ́ fi ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ìrora sì gún un láti orúnkún dé àtàrí. Kíá ló fa ẹsẹ̀ padà. Kò lè sọ̀. Nǹkan tó kù tó lè ṣe ni pé kó di ojú rẹ̀, kó sì máa bẹ Ọlọ́run.

Kẹ̀kẹ́ gun ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá. Ṣéènì ń ké. Oríkì Ràmọ́nì ń tín-ín-rín lọ, ó di kíkùn, ó di mímí. Táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wò síhìn-ín wò sọ́hùn-ún bí ẹni mu ẹmu yó. Ọ̀pá méjì sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tọkọtaya sì bá ara wọn nínú koríko, kẹ̀kẹ́ lórí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lófìfo.

Kò sí ẹni tó fara pa. Okùn àkùkọ ló já. Ẹyẹ náà gbọn ìyẹ́, ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba òkè lọ.

"Bàbá Fàtímọ̀, àkùkọ ti lọ o!"

Ràmọ́nì kò tilẹ̀ wo ibi tí àkùkọ gbà. Ó dìde jókòó nínú koríko, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ó ti tán," ni ó wí.

"Kí ló tán?"

"Láti ọjọ́ yìí wá, bí mo bá ti dé ìdí igi yẹn, agbára kan máa ń wá bá mi. N kì í mọ ibi tó ti ń wá. Mo máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́yìn mi báyìí, bí atẹ́gùn. Lónìí, mo retí rẹ̀, mo retí rẹ̀..." Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé. "Kò wá. Àrínọlá, mo ti darúgbó. Ọjọ́ tí mo di bàbá àgbà náà ni agbára mi fi mí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé n kò ní pẹ́ mọ́ láyé."

Àrínọlá kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Ó wá rí i pé omi ti lé ròrò sí ọkùnrin náà lójú. Ọkọ rẹ̀ kò ju ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun nìkan ló gé ọ̀pó mẹ́fà fún abà tábà, ó rù wọ́n wálé. Ẹni yìí náà ló wá jókòó sínú koríko tó ń ṣètò ikú! Gbogbo ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó má bàa já ọkùnrin náà kulẹ̀. Bí ó bá tún ṣọ́ ọ fún wákàtí kan sí i, yóò gbé arúgbó wọ Ṣakí.

Ó fà sún mọ́ ọn nínú koríko.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ò darúgbó. Orúnkún mi ló ń dùn mí."

"Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ọ́. Kí ló kan èyí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Atẹ́gùn yẹn. Èmi ni. Bí a bá ti dé ìdí igi, mo máa ń bọ́ sílẹ̀, mo máa ń tì yín. Bó bá ku díẹ̀ ká dókè, mo máa ń fò jókòó padà. Lónìí, orúnkún ò jẹ́ kí n lè bọ́."

Ràmọ́nì wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè Hausa bá sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó wa."

"Ọjọ́ tí bàtà rẹ sọnù?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń ro ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, ó ń ka nǹkan sí ìka.

"Nígbà tí o fi lóyún Fàtímọ̀ ńkọ́?"

"Mo tì yín títí oṣù keje."

"Irọ́ nìyẹn!" Ó na ìka sí i bí ẹni mú olè. "A lọ lóṣù kẹjọ! Ọjọ́ tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. N kò sì sọ̀!"

"Ẹ sọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ìtọ̀ ń gbọ̀n yín."

Ràmọ́nì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. Ó ṣì ń kà á nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan lókè lọ́hùn-ún. Àkùkọ funfun ni. Ó ti dé orí Òkè Sọ̀kalẹ̀, ó dúró lórí òkúta tó ga jù níbẹ̀, ó na ọrùn, ó sì kọ kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ti imú Ràmọ́nì jáde. Ó fẹ́ mú un mọ́ra, kò ṣeé mú. Ó rín, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú koríko. "Àkùkọ!" ni ó ń wí ṣáá. "Àrínọlá, àkùkọ nìkan ló gun òkè yìí láì sọ̀!" Nígbà tí Àrínọlá rí i pé ẹ̀rín òtítọ́ ni, tirẹ̀ náà já. Wọ́n rín débi pé darandaran kan tó ń da màlúù kọjá nísàlẹ̀ dúró wò wọ́n, ó mi orí, ó sì bá màlúù rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣe, Ràmọ́nì nu ojú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dúró, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Bọ́ sórí kárià."

"Ẹ jẹ́ kí n máa tiro lọ."

"Bọ́ sórí kárià, mo ní. Èmi náà fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí."

Ó gbé e jókòó, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi ìkejì ti ìdí kárià, ó sì tẹ òkè. Kò tíì gun ogún ẹsẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí fìn-ìn. "Háà!" ni ó ń wí. "Àti oyún? Àti ọmọ lẹ́yìn? Háà, Àrínọlá!" Àrínọlá jókòó rẹ̀gẹ́. Ní ọdún mẹ́rìnlélógún, kò tíì rí òkè yẹn wò rí, àfi kárià àti ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkọ. Ó ń wo igbó tó tẹ́ lọ salalu, àwọn àpáta dúdú tó yọrí láàrin rẹ̀, èéfín oko kan lọ́nà jíjìn, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé òkè yìí lẹ́wà o.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dókè ni kẹ̀kẹ́ mìíràn yọ sí wọn láti òdì kejì. Àmúdà ni, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru obì láti Ṣakí wá sí Àgọ́-Àrẹ, aládùúgbò wọn. Ó fa bíréèkì, ojú rẹ̀ là.

"Má-Sọ̀! Ẹ sọ̀!"

Àrínọlá di etí kárià mú. Ó mọ ọkọ rẹ̀; ó ń dúró de àlàyé táyà.

"Mo sọ̀," ni Ràmọ́nì wí, ó ń mí gùlegùle. "Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ, Àmúdà. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, Ìyá Fàtímọ̀ yìí ló ń ti èmi gun òkè. N kò mọ̀. Òní yìí ni mo mọ̀."

Àmúdà bojú wo ilẹ̀. Ó họ orí.

"Ẹ̀yin bàbá ò mọ̀?"

"Èwo ni n ò mọ̀? Ṣé ìwọ mọ̀ ni?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá ló fi ìka lé ètè, kí ni kí n wá sọ? Ràsáàkì náà mọ̀. Tíṣà Ọ̀jẹ̀ládé mọ̀. Àwọn ará abà ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n máa ń jáde wá wò ó ni."

Èyí dun Ràmọ́nì díẹ̀. Àrínọlá rí i bó ṣe kọjá lójú rẹ̀, bí òjìji ẹyẹ. Ó mu ún bí ìgbà tí èèyàn mu àgbo kíkorò, ó gbé e mì.

"Gbogbo ayé ló wá mọ̀ àfi èmi," ni ó wí. "Ó dára. Ṣé o rí àkùkọ kan lókè yẹn?"

"Mo rí i. Mo tilẹ̀ rò pé ẹran òrìṣà ni, mi ò fọwọ́ kàn án."

Kí àwọn méjèèjì tó rí àkùkọ mú, oòrùn ti gun òkè tirẹ̀. Ràmọ́nì lé e yí àpáta po lẹ́ẹ̀mẹrin, Àmúdà ń fi fìlà dènà fún un, Àrínọlá ń pàṣẹ láti orí kárià. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà, Àmúdà fún wọn ní obì mẹ́ta kí wọ́n fi kún ti ìkómọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n wá kọjú sí. Ràmọ́nì jókòó, Àrínọlá di ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ̀wọ́ ara wọn fún òkè. Atẹ́gùn wọ inú ẹ̀wù ọkọ, ó wú bí àgọ́. Gèlè Àrínọlá tú, ó fi eyín gbá a mú. Àkùkọ ń pariwo. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, bíréèkì ni Ràmọ́nì máa ń fi ọwọ́ lé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ náà kò fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ fi tẹ́jú, tí òrùlé páànù Ṣakí fi ń tàn níwájú.

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlùfáà pè é ní Àdìjátù. Ó ní irun lórí bí àgbàlagbà, ó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà dé òpin, Àrínọlá sì fi òfì Ìsẹ́yìn pọ̀n ọ́n láàárín agbo, pẹ̀lú orúnkún tó wú náà. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni ọ̀kan nínú àwọn àna ọkùnrin pe Ràmọ́nì, ó ní, "Má-Sọ̀, báwo ni òkè lánàá?"

Àrínọlá, tó wà láàrin àwọn obìnrin, gbé orí sókè.

Ràmọ́nì fi ọwọ́ nu ẹnu, ó sún síwájú lórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò fi ohun kan pamọ́. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn láì fi iyọ̀ sí i. Kó tó dé ìdí igi èmì, ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ẹyọ kan ti kẹ̀kẹ́. Kó tó dé àárín òkè, ẹrù iṣu ti wà lórí ìyàwó.

"Kò sí iṣu lórí mi rí," ni Àrínọlá pariwo láti ọ̀hún.

"Iṣu wà!" ni Ràmọ́nì dáhùn. "Ẹ má dá a lóhùn, kò fẹ́ràn ìyìn. Iṣu mẹ́wàá, ọmọ lẹ́yìn, ó ń ti èmi àti kẹ̀kẹ́, ó sì ń kọrin! Ta ni nínú yín tó ní irú rẹ̀ nílé?"

Ilé dà rú. Àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ń rín. Ojú ń ti Àrínọlá, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Ẹnì kan fà á láṣọ jẹ́jẹ́. Ìyá àgbà ọkọ Fàtímọ̀ ni, Dúróríkẹ́, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ.

"Ìyá Fàtímọ̀, ẹ sún mọ́ mi." Ó bá a sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Tèmi, ebè ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó kọ ebè tó o ní Ṣakí yìí. Igba lójúmọ́ ni wọ́n ń kì í fún. Bó bá lọ sùn lábẹ́ igi igbá lọ́sàn-án, èmi ni mo ń kọ ogójì nínú rẹ̀. Bó bá jí, á ní, 'Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti ṣiṣẹ́ tó báyìí.'"

"Kò sì mọ̀?"

"Ó kú, kò mọ̀. Bí mo bá débẹ̀, ṣé kí n sọ fún un?"

Àrínọlá wo ọkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ti dìde, tó ń fi àga ìjókòó kan ṣe àpẹẹrẹ kẹ̀kẹ́.

"Ẹ sọ fún un, Ìyá. Ẹ̀rín ni yóò fi rín."

Arúgbó náà rò ó wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín, Àrínọlá gbè é lẹ́sẹ̀, ọmọ tuntun jí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi igbe bọ ẹnu. Ràmọ́nì dáwọ́ àpẹẹrẹ dúró, ó bojú wò wọ́n.

"Kí lẹ̀ ń rín níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ oko ni," ni Dúróríkẹ́ wí, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá fún òun.